Èèyàn 8 lórí tábìlì D&D kan, kálukú pẹ̀lú ohun tó fẹ́: báwo la ṣe ń darí irú eléyìí?

Onídáìsì20 béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ tábìlì tó kún àkúnya ni mo gbé wá. Èèyàn 8 ló ń ta D&D lọ́dọ̀ mi, ìyẹn Dungeons and Dragons, eré ìtàn oní-dáìsì; èmi tí mo jẹ́ DM, adarí eré, ni ìkẹsàn-án. Ìwé òfin ti 2014 là ń lò, ìpele 3 ni gbogbo ẹ̀dá-ìtàn wà, wákàtí 4 ni ìjókòó kan máa ń gbà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la sì ń pàdé.

Ìṣòro kìíní ni pé ìjà kan ṣoṣo lè jẹ wákàtí kan àbọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán á gbájú mọ́ fóònù, nígbà tó bá tún kàn án, á ní "ibo la dé?", àlàyé á tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Tí mo bá gbé ọ̀tá ńlá kan ṣoṣo síwájú wọn, kì í la ráúǹdù kejì já (ráúǹdù kan ni kí gbogbo èèyàn ṣe tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan). Tí mo bá kó ọ̀tá kéékèèké wá lọ́pọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa lẹ́nu ẹ̀.

Ìkejì ló le jù. Àwọn 2 wà tó jẹ́ pé ìjà ni wọ́n bá wá, wọ́n ti ka ìwé òfin já. Àwọn 3 fẹ́ máa fi ohùn ẹ̀dá-ìtàn wọn sọ̀rọ̀, wọ́n lè bá onílé ọtí tàkùrọ̀sọ fún ogún ìṣẹ́jú lórí owó yàrá. Ẹnì kan wà, tí mo bá ti ní irin kan yọ lára ògiri, ó ti fà á kí n tó sọ ibi tí irin náà wà. Ẹnì kan kì í lanu àyàfi tí mo bá pe orúkọ ẹ̀. Ẹnì kẹjọ, ká má parọ́, chin-chin àti ẹ̀fẹ̀ ló bá wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń darí ẹgbẹ́ ńlá, ṣé kí n pín wọn sí méjì ni, àbí ọ̀nà wà tá a lè gbé e gbà lórí tábìlì kan? Ọ̀rẹ́ ni gbogbo wọn, wọn ò fẹ́ kí n yọ ẹnì kankan.


Bàbá_Ìlànà dáhùn pé:

Ìwé àkọ́kọ́ tí Gary Gygax àti Dave Arneson, àwọn tó dá eré yìí sílẹ̀, gbé jáde ní 1974 sọ pé láti èèyàn 4 dé 50 ló lè wà nínú campaign kan (ìtàn gígùn tí a ń ta fún ọ̀pọ̀ ìjókòó), ó sì fi adarí kan sí nǹkan bí ogún èèyàn. Torí náà 8 kì í ṣe èèmọ̀. Ṣùgbọ́n campaign ni wọ́n ní, wọn ò ní ìjókòó. Kì í ṣe gbogbo àádọ́ta ló ń dé lọ́jọ́ kan náà. Ẹgbẹ́ ńlá ayé ìgbà yẹn sì máa ń yan ẹnì kan tó ń gbẹnu sọ fún gbogbo wọn. Caller ni wọ́n ń pè é, ipò náà ṣì wà nínú ìwé Basic ti 1981. Ohùn kan ni DM ń gbọ́, kì í ṣe mẹ́jọ.

Kó o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fóònù, ṣírò ẹ̀ ná. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú 2, 16 nìyẹn. Tí ìwọ DM bá lo 5 fún àwọn ọ̀tá, ráúǹdù kan ti di ìṣẹ́jú 21. Ráúǹdù 4 jẹ́ ìṣẹ́jú 84, wákàtí kan àbọ̀ tí ò ń ráhùn lé lórí náà nìyẹn. Nínú ìṣẹ́jú 84 yẹn, ìṣẹ́jú 8 péré lẹnì kọ̀ọ̀kan fi ṣeré, ó fi 76 wòran. Èmi náà á wo fóònù. Tí o bá gé e sí ìṣẹ́jú àáyá 45 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ìwọ náà sì lo ìṣẹ́jú 3, ráúǹdù kan á di ìṣẹ́jú 9, ìjà ráúǹdù 4 á di 36. Iṣẹ́ ibẹ̀ nìyẹn: àkókò ìdúró ni kó o bá jà, má bá iye èèyàn jà.

Bí a ṣe ń gé e rèé. Máa pe orúkọ méjì nígbà gbogbo: "Ó kan Bísí, Délé, múra sílẹ̀." Kí Délé ti mọ ohun tó máa ṣe kí Bísí tó parí. Kí wọ́n máa ju d20 (dáìsì olójú ogún, tó ń sọ bóyá ìkọlù bà) àti dáìsì ìpalára pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí d20 kò bá bà á, ẹ gbójú fo ti ìpalára. Ẹni tó ń lo ọfọ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì tàbí ìwé pélébé tí ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ẹ̀, kì í ṣe kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí ojú ìwé. Tí ó bá kan ẹnì kan tí ìṣẹ́jú àáyá 10 sì kọjá láìsí ọ̀rọ̀, ẹ̀dá-ìtàn ẹ̀ gbé Dodge (ó kàn ń yẹra fún ìkọlù), ìjà ń lọ. Má fi ṣe ìjìyà. Sọ ọ́ fún wọn ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, kó o sì ṣe é fún gbogbo èèyàn bákan náà. Wàá rí i pé ẹ ò ní nílò ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ìwọ DM, má ju dáìsì ìpalára fún ọ̀tá rárá. Ìwé ti kọ ìṣirò àárín síbẹ̀: ida goblin (ọ̀tá kékeré) jẹ́ 5, kùmọ̀ ogre (òmìrán) jẹ́ 13. Sọ nọ́ńbà náà, kọjá lọ. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, ìjù initiative (ìjù tó ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀) kan ṣoṣo ni fún gbogbo wọn. Òfin ni, kì í ṣe àgbékalẹ̀ tèmi.

Lórí initiative gan-an, ọ̀nà méjì ló wà tó dára fún èèyàn 8. Ìkíní wà nínú ìwé DM ti 2014: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ju d20 kan láìfi ohunkóhun kún un, ẹgbẹ́ tó bá ga ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ṣe tiwọn, bó ṣe wù wọ́n kí wọ́n tò ó. Ó yára, ó sì ń mú kí wọ́n máa gbìmọ̀ pọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé èèyàn 8 lè pa gbogbo nǹkan kí ọ̀tá tó gbé ọwọ́. Tó o bá fẹ́ lò ó, pín ẹgbẹ́ tó ṣíwájú sí méjì: èèyàn 4, àwọn ọ̀tá, èèyàn 4 tó kù. Ìkejì ni pé kí gbogbo èèyàn ju initiative, ṣùgbọ́n ẹni tó ga jù nìkan ló ṣe pàtàkì. Orí ẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ń lọ lọ́wọ́ ọ̀tún yí tábìlì ká. Ìwọ náà ní ìjókòó, ibi tó bá kàn ọ́ làwọn ọ̀tá ti ń ṣe tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ló kàn mọ́, torí ojú wọn ti rí i. Àbùkù ẹ̀ ni pé ẹni tó ní Dexterity (ìyára ara) gíga pàdánù díẹ̀; bí ẹnì kan bá ti mú feat Alert (ẹ̀bùn tó ń gbé initiative ga), jẹ́ kó máa yan ibi tó fẹ́ jókòó kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kù kì í ṣe ti ìjà. Nígbà tí gbogbo wọn bá fẹ́ yọ́ kọjá, má ṣe ìdánwò mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó o wá sọ pé ẹnì kan tó kùnà ti bà á jẹ́. Lo ìdánwò ẹgbẹ́: tí ìdajì bá yege, gbogbo wọn yege. 4 nínú 8 ti tó. Tó o bá ń ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún èèyàn 8, ó dájú pé ẹnì kan á ju 3, ẹ ò ní yọ́ kọjá ibì kankan láéláé.


Àbẹ̀kẹ́_Wizard dáhùn pé:

Bàbá ti sọ ti àkókò. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀tá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ DM ti ń ṣi ìṣirò ṣe.

Ọ̀tá kan ṣoṣo kì í lè bá èèyàn 8 jà, bó ti wù kí HP ẹ̀ (iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú) pọ̀ tó. Wọ́n ní ìgbésẹ̀ 8 sí ẹyọ kan tiẹ̀. Ìdí tí àwọn abàmì ńlá fi ní legendary actions náà nìyẹn, kí wọ́n lè máa ta ọwọ́ sí ìparí ìgbésẹ̀ àwọn ẹlòmíì. Ohun tí DM sábà máa ń ṣe ni pé kó gbé ọ̀tá tó ju ìpele wọn lọ wá, ìyẹn ló sì ń pa wizard (oṣó). Wò ó: wizard ìpele 3 tí Constitution ẹ̀ (agbára ara) jẹ́ +2 ní HP 20. Ogre tó bá bà á pẹ̀lú 20 gidi lórí dáìsì ń ṣe 4d8+4 (dáìsì olójú mẹ́jọ mẹ́rin, ká fi 4 kún un), àárín ẹ̀ jẹ́ 22. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti wó lulẹ̀. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀tá pẹ́ sí i, HP ni kẹ́ ẹ fi kún, ẹ má fi kún ìpalára. Ogre tó wà nínú ìwé ní HP 59, ṣùgbọ́n 7d10+21 ni wọ́n fi dé ibẹ̀, ó lè gòkè dé 91 láìrú òfin kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìjà kan fún tábìlì yín. Fún ìpele 3, ìjà wọ́ọ́rọ́wọ́ jẹ́ XP (àmì ìrírí, tí a tún fi ń wọn agbára ọ̀tá) 150 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó le jẹ́ 225, èyí tó lè pani jẹ́ 400. Fún èèyàn 8: 1,200, 1,800 àti 3,200. Ẹ gbé ogre 2 (450 lọ́nà méjì) àti goblin 6 (50 lọ́nà mẹ́fà) kalẹ̀, 1,200 ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀tá 8 yẹ kó jẹ́ ìsọdipúpọ̀ 2.5 (iye tí a fi ń sọ XP di púpọ̀ tí ọ̀tá bá pọ̀), ṣùgbọ́n ìwé 2014 ní tí ẹgbẹ́ bá tó èèyàn 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìkan tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 2. Ó di 2,400: ó ju èyí tó le lọ, kò sì tíì dé ibi ikú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ìlà yẹn wà níbẹ̀, wọ́n á ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú 2.5, wọ́n á dín ọ̀tá kù, wọ́n á wá máa sọ pé ìjà ò ládùn. Ìwé 2024 ti yọ ìsọdipúpọ̀ kúrò pátápátá, ẹ má fi nọ́ńbà ọ̀kan wọ òmíràn.

Ẹ má sì kó gbogbo wọn sójú kan. Ọfọ̀ Sleep ní ìpele ìsàlẹ̀ jẹ́ 5d8, nǹkan bí HP 22, ìyẹn goblin mẹ́ta tó ń sùn fọnfọn láìsí ìdánwò kankan. Kí goblin 3 wà lókè pẹ̀lú ọfà, ogre 1 lẹ́nu ọ̀nà, kí ogre kejì àti goblin 3 tó kù gba ẹ̀yìn wọlé ní ráúǹdù kejì tàbí ìkẹta. Ẹgbẹ́ á pín ara wọn sí ojú ìjà méjì láìjẹ́ pé ẹ sọ fún wọn. Ẹ tún fi iṣẹ́ kan sí àárín tí kì í ṣe pípa: ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú, afárá tó ń jó, ilẹ̀kùn tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì mú. Èèyàn 8 tí gbogbo wọn kọjú sí HP kan náà ni ìjà tó ń súni jù láyé.

Fún àwọn kéékèèké, ìwé DM ti 2014 ní àtẹ fún agbo ọ̀tá tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ ju d20 rárá. Ẹ yọ àfikún ìkọlù wọn kúrò nínú AC (iye tí ìkọlù gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á) ẹni tí wọ́n ń kọlù, kẹ́ ẹ mọ iye tí d20 yóò nílò. Tó bá jẹ́ 5 sísàlẹ̀, gbogbo wọn bà á. 6 sí 12, ọ̀kan nínú méjì. 13 àti 14, ọ̀kan nínú mẹ́ta. 15 àti 16, ọ̀kan nínú mẹ́rin. 17 àti 18, ọ̀kan nínú márùn-ún. 19, ọ̀kan nínú mẹ́wàá. 20, ọ̀kan nínú ogún. Goblin 6 tí àfikún wọn jẹ́ +4 kọlu AC 16: 12 ni wọ́n nílò, mẹ́ta bà á, 15 ni ìpalára. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ ti ṣe tán.


Ẹlẹ́nu_Dídùn dáhùn pé:

Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Onídáìsì sọ pé ìkejì ló le jù, kò sì tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìwé DM ti 2014 ka oríṣi nǹkan méje tí èèyàn máa ń wá lórí tábìlì: ṣíṣe bí ẹ̀dá-ìtàn, wíwá inú ayé kiri, dídá nǹkan sílẹ̀, ìjà, mímú ẹ̀dá-ìtàn lágbára, títú àdììtú, àti ìtàn fúnra ẹ̀. Tábìlì rẹ ní ó kéré tán mẹ́rin nínú méje. Kò sí ẹni tó ń ṣe ohun tí kò dáa níbẹ̀. Ohun tó ń fa ìjà ni pé ẹnì kan ń rò pé tòun gan-an ni eré náà, tàwọn yòókù ń fi àkókò ṣòfò.

Má yanjú ẹ̀ nínú eré. Má rán àrá láti ọ̀run lu ẹni tó ń fa irin, má jẹ́ kí onílé ọtí lé àwọn onísọ̀rọ̀ jáde. Wọ́n á kà á sí pé ò ń bá ẹ̀dá-ìtàn wọn jà, wọ́n á sì gbé ẹ̀dá-ìtàn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ wá. Má sì yanjú ẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ níbi tí èèyàn mẹ́jọ á ti máa wo ẹnì kan. Pe onítọ̀hún lọ́tọ̀, béèrè ohun tó ń gbádùn kó o tó sọ ohun tí ò ń fẹ́ kó dín kù.

Fún gbogbo ẹgbẹ́, ẹ ṣe session zero (ìjókòó tí a fi ń sọ ohun tí kálukú ń fẹ́), kódà bí ẹ ti wà láàárín ìtàn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Kí kálukú kọ ìdáhùn sórí ìwé, kó má sọ ọ́ lẹ́nu, torí lẹ́nu ni àwọn onísọ̀rọ̀ á ti bo ẹni tó dákẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin: kí lo fẹ́ kó pọ̀ sí i? Kí lo fẹ́ kó dín kù? Ìjà mélòó ló tó nínú wákàtí mẹ́rin? Kí ni o ò fẹ́ rí rárá lórí tábìlì? Ti ìkẹrin yẹn ni ohun tí Ron Edwards pè ní lines àti veils: ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí a máa fi aṣọ bò. Fi X-card ti John Stavropoulos kún un: káàdì kan láàárín tábìlì, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, a fo ohun tó ń lọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìdí. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, ojú ẹ kò ní ká gbogbo ojú mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí ó fi wúlò ju ti ẹgbẹ́ kékeré lọ.

Ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wàyí.

Ẹni tó ń fa irin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbè. Láìsí irú ẹ̀, èèyàn mẹ́jọ lè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kan fún ogójì ìṣẹ́jú wọ́n ń jiyàn. Fi òfin méjì ká a mọ́. Àkọ́kọ́: ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ìwọ á ní "ẹnikẹ́ni fẹ́ dá a dúró?", o ka márùn-ún nínú ọkàn, tí kò bá sí, ó ti ṣẹlẹ̀. Ìkejì: tí ìwà ẹ̀ bá kan ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíì, bóyá ó jí nǹkan ẹ̀ tàbí ó lù ú, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ló máa sọ bó ṣe parí, kì í ṣe dáìsì. Òfin kejì yìí ló ń pa "ohun tí ẹ̀dá-ìtàn mi máa ṣe nìyẹn" lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, máa fún un ní irin tó tọ́ sí fífà: èyí tó ń ṣí ọ̀nà, tó ń jí nǹkan tó ń sùn, tó ń sọ yàrá di omi.

Àwọn onísọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú onílé ọtí kì í ṣe ẹ̀bi wọn tó bẹ́ẹ̀. DM ni kò fún ìran náà ní òpin. Béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀: "Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí?" Tí wọ́n bá ti gbà á tàbí tó ti hàn pé wọn ò ní rí i gbà, gé e. Ní àkókò kan náà, béèrè ohun tí àwọn márùn-ún tó kù ń ṣe ní ìlú, kó o máa fò láti ọ̀dọ̀ àwọn kan sọ́dọ̀ àwọn kan ní ìṣẹ́jú 5-5. Ibi tó dáa jù láti gé ni kí dáìsì tó bọ́ sílẹ̀: "Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ lò ń pa... ẹ jẹ́ ká lọ wo àwọn tó wà ní ọjà." Wọ́n á fojú sọ́nà.

Àwọn oníjà méjì ti ka ìwé já, lò wọ́n. Fi ọ̀kan ṣe ẹni tó ń wo òfin: ìṣẹ́jú kan péré ló ní, tí kò bá rí i, ohun tó o bá sọ ló dúró títí ìjókòó á fi parí. Nígbà tí àwọn onísọ̀rọ̀ bá wà ní ààfin, fún ìkejì ní ìwé pélébé kan: "Ìwọ ni olórí ẹ̀ṣọ́. Ò ń wá owó. O mọ̀ pé ọmọ ọba kò sí nílé." Á ṣe é dáadáa ju bó o ṣe rò lọ, torí ó ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ jà fún.

Ẹni tó dákẹ́: kọ́kọ́ béèrè lọ́tọ̀ bóyá ó ń gbádùn ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbádùn ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tó yẹ kó o tún ṣe. Tó bá fẹ́ kópa sí i, má bi í ní "kí lo ń ṣe?" níwájú èèyàn méje, fún un ní méjì kó mú ọ̀kan: "Ṣé wàá tẹ̀ lé wọn ni, àbí wàá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?" Kọ Passive Perception (iye tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn máa ń rí láìwá a) gbogbo wọn sórí káàdì kan níwájú rẹ, kó o sì máa fi ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ẹ̀ rí sórí ìwé ránṣẹ́ sí i. Àwọn tó kù á máa bi í léèrè.

Ẹlẹ́fẹ̀: fún un ní Champion fighter, jagunjagun tó rọrùn láti ta. Ohun tó ń ṣe ní ìpele 3 kò ju pé 19 náà di 20 lọ lórí dáìsì. Tó bá jẹ́ druid tàbí wizard, àwọn ọlọ́fọ̀, lo fún un, ìwọ lo fa wàhálà lẹ́sẹ̀.


Onídáìsì20 kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹlẹ́nu_Dídùn, druid ni ẹlẹ́fẹ̀ náà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ku fún Bàbá: tí mo bá ní kí wọ́n yan caller, ṣé kì í ṣe ẹni tí ohùn ẹ̀ ròkè jù ló máa jẹ gàba lé wọn lórí? Kò sì tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí pípín.


Kò_Sí_Fireball dáhùn pé:

Èmi á dá ẹ lóhùn: pín wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ lókè yìí dára, ṣùgbọ́n oògùn ara ríro ni fún ẹni tó gbé ẹrù tó jù ú lọ. Èèyàn 4 tàbí 5 ló dùn ún darí, 6 ṣeé gbà. Adventurers League, ètò eré ìta gbangba tí Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà, ń ṣe, èèyàn 3 sí 7 ni wọ́n gbà lórí tábìlì, wọ́n sì ka 5 sí èyí tó dáa jù. Mẹ́jọ ti kọjá ààlà àwọn tó ni eré.

O ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ ń pàdé. Ọ̀sẹ̀ kan tó ṣófo wà láàárín nìyẹn. Èèyàn 4 lọ́sẹ̀ yìí, èèyàn 4 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ayé kan náà, ìlú kan náà, kálukú ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìwọ nìkan ni iṣẹ́ rẹ di ìlọ́po méjì, ìyẹn sì ni kó o rò dáadáa kó o tó gbà. Lo milestone fún ìpele (gbogbo wọn jọ gòkè nígbà tí ìtàn bá dé ibì kan), má lo XP, kí ẹgbẹ́ kan má bàa fi ìkejì sílẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo yín ń kà, pẹ̀lú ọjọ́ inú ìtàn lórí ẹ̀.

Má pín wọn nípa ìwà o. Oníjà méjì pa pọ̀ lápá kan, onísọ̀rọ̀ mẹ́ta lápá kejì: ọ̀kan á di ṣíṣe ìṣirò, ìkejì ò ní jáde nínú ilé ọtí. Èmi á fi oníjà kan, onísọ̀rọ̀ méjì àti ẹni tó ń fa irin sápá kan. Oníjà kejì, onísọ̀rọ̀ kẹta, ẹni tó dákẹ́ àti ẹlẹ́fẹ̀ sápá kejì. Nínú èèyàn mẹ́rin, ẹni tó dákẹ́ á rí àyè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Tí wọn ò bá fẹ́ ẹgbẹ́ tó dúró lójú kan, ọ̀nà ti Ben Robbins, DM kan, tí wọ́n ń pè ní West Marches wà. Èèyàn 10 sí 14 ló wà nínú tiẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ pàtó, kò sí ọjọ́ pàtó. Àwọn tó ń ta eré ló ń ṣètò: "A fẹ́ lọ wo ilé ìṣọ́ tó wó, ọjọ́ báyìí, àwa wọ̀nyí la ń lọ." Ìwọ á fi gbèdéke sí i, 5 lẹ́ẹ̀kan. Ìlú wà láìléwu, kò sì sí ìtàn kankan níbẹ̀. Ìgbẹ́ níta ni ìtàn wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí ìlú kí ìjókòó tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò lè wá lọ́jọ́ kejì á há sínú ihò. Ibi tó ti máa ń dà rú gan-an nìyẹn: aago 10 alẹ́, wọ́n ṣì wà ní yàrá kẹta. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 45, sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé.

Ìdíwọ́ kan wà fún pípín tí mi ò ní fi pamọ́. Tí èèyàn méjì kò bá wá nínú mẹ́jọ, mẹ́fà ṣì kù, eré ń lọ. Tí èèyàn méjì kò bá wá nínú mẹ́rin, ẹ ti lọ sílé. Ẹ gba ara yín láàyè láti yá èèyàn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ìdí nìyí tí ayé kan náà fi wúlò.


Bàbá_Ìlànà dáhùn pé:

Mi ò gbà pé dandan ni pípín, ṣùgbọ́n mi ò ní bá a jiyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. DM tí kò ní àyè fún ìjókòó méjì kò ní àyè, ó parí.

Lórí caller: ẹni tuntun ni ní gbogbo ìjókòó, ẹ tò ó bí ẹ ṣe jókòó. Ohun tó ń sọ kò ju ọ̀nà tí ẹgbẹ́ gbà, bí wọ́n ṣe tò rìn, àti pé wọ́n ti ṣetán láti kúrò níbì kan. Kì í sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíì ṣe, iṣẹ́ ẹ̀ sì tán nígbà tí wọ́n bá ju initiative. Ẹnikẹ́ni lè ní "rárá, èmi ò lọ" kí ìwọ tó dáhùn. Jẹ́ kí ẹni tó dákẹ́ náà ṣe é tó bá kàn án, ṣùgbọ́n fún un láàyè láti fò ó. Bó o bá ti ní caller, yan akọ̀wé, ayàwòrán máàpù, ẹni tó ń di owó mú àti ẹni tó ń ka initiative. Èèyàn márùn-ún ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ọwọ́ tó níṣẹ́ kì í rí àyè gbé fóònù. Ẹlẹ́fẹ̀ ni kó ka initiative. Ohùn ẹ̀ á wúlò.


Onídáìsì20 kọ̀wé pé:

Ó dáa. Session zero la máa fi bẹ̀rẹ̀ ìjókòó tó ń bọ̀, ìwé ìdáhùn wọn ni màá fi mọ̀ bóyá wọ́n á gbà kí n pín wọn. Títí dìgbà yẹn, initiative bí a ṣe jókòó àti caller. Druid á di Champion tó bá fẹ́, mi ò ní fi ipá mú un. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, àtẹ agbo ọ̀tá yẹn: báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí wizard bá gbé ọfọ̀ Shield (ààbò tó ń fi 5 kún AC) láàárín ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mi ò ju d20 kankan?


Àbẹ̀kẹ́_Wizard dáhùn pé:

Ẹ sọ iye tó bà á kẹ́ ẹ tó sọ ìpalára, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kó lè pinnu. Ká ní ọfọ̀ ààbò Mage Armor wà lára ẹ̀, Dexterity ẹ̀ sì jẹ́ +2, AC 15 nìyẹn. Goblin 4 pẹ̀lú +4 nílò 11, méjì bà á, ìpalára 10. Tó bá gbé Shield, AC di 20, wọ́n nílò 16, ọ̀kan nínú mẹ́rin, ìpalára di 5. Ẹ kàn tún àtẹ wò pẹ̀lú AC tuntun. Shield sì máa dúró títí á fi tún kàn án, torí náà AC 20 yẹn lẹ máa lò fún gbogbo goblin tó bá tún kọlù ú kó tó dìgbà náà, bí ẹ tiẹ̀ ti pín wọn sí agbo méjì. Tí iye wọn kò bá pé, bíi goblin 3 níbi tí ọ̀kan nínú mẹ́rin ti yẹ kó bà á, ẹ ju d20 fún àwọn mẹ́ta yẹn bó ṣe yẹ, ẹ má fi àtẹ rẹ́ ẹ jẹ.